Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: igi àti òdòdó ìgboro tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa, tí iná kì í tètè ràn

Akọ̀wéỌgbà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó máa tún ojú ìlú wa ṣe. Ibi mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wa: àárín títì ńlá, iwájú gbọ̀ngán ìlú, etí pápá tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, àti ọgbà ìgbafẹ́ kan tó wà ní gẹ̀rẹ́ òkè. Igbó ló wà nísàlẹ̀ ọgbà yẹn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, kò sí ọdún tí iná kì í ṣẹ́ níbẹ̀, tí á sì máa gun òkè bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí wọ́n ní kí n mú wá sípàdé ni orúkọ ogún igi àti òdòdó, kí gbogbo wọn jẹ́ ti ilẹ̀ wa, kí iná má sì lè ràn wọ́n. Mo ti wá a kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ta mí. Igi tí ẹnì kan ní ká gbìn, ẹlòmíì ní ká sá fún un. Ẹ dákun, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

PanápanáÀná

Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iná pípa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè gbà yín lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan. Kò sí igi tí iná kò lè ràn. Bí ooru bá pọ̀ tó, omi inú ewé á gbẹ, ewé á sì jó. Èyí tó wà ni igi tó máa ń pẹ́ kó tó gbiná, tó sì jẹ́ pé bó bá gbiná náà, oúnjẹ tó máa fún iná kò pọ̀. Ẹ yọ "iná kò lè ràn án" kúrò nínú ìwé yín. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá jó, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè wá sọ tẹnu yín.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé ọwọ́ iná tí ẹ̀ ń rí lókèèrè kọ́ ló ń jó ọ̀pọ̀ ilé. Màjàlà ni. Atẹ́gùn á gbé ẹyín iná àti èépá igi tó ṣì ń pọ́n, á lọ jù ú sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ní Victoria ní Ọsirélíà, ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2009, tí ènìyàn 173 kú, màjàlà ń dá iná tuntun sílẹ̀ ní nǹkan bí 30 kìlómítà níwájú iná gan-an. Ní Paradise ní California, lọ́jọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 2018, ènìyàn 85 ló kú. Ẹ lọ wo àwòrán ibẹ̀: ilé ti di eérú pátápátá, igi tó dúró tì í ṣì ní ewé lórí. Igi náà kọ́ ló jó ilé. Ohun tó gbẹ tó wà lábẹ́ fèrèsé àti nínú ọ̀ṣọ́rọ̀ ni màjàlà rí jẹ.

Nítorí náà, tí ẹ bá dúró níwájú igi kan, ìbéèrè tí ẹ máa bi í ni pé: bí màjàlà bá bà sínú rẹ, kí ló máa bá níbẹ̀?

ÌyáOlódòdó

Bàbá ti sọ ọ́. Èmi ń ta ọmọ igi, torí náà ẹ lè fi ọ̀rọ̀ mi sí ti oníṣòwò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀.

Ẹ já ewé kan, kí ẹ fi àtàǹpàkò rún un. Bí omi bá jáde, tó tutù, tí kò lẹ̀ mọ́ ìka, ìyẹn dára. Bí ó bá ń lẹ̀ bí oje, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò ìpara ẹ̀yìn ríro, òróró ló wà nínú rẹ̀, òróró yẹn ni iná sì ń wá. Yúkálípítọ́ọ̀sì, páìnì, júnípà (juniper), rosemary, ẹ rún wọn wò.

Tí ẹ bá ti rún ewé tán, ẹ ki ọwọ́ bọ inú igi náà títí dé àárín. Òde lè tutù yọ̀yọ̀ kí inú sì gbẹ bí òrùlé koríko. Oníbàárà mi kan ní ọgbà júnípà tó gùn ju ilé rẹ̀ lọ, ó ń yangàn pé ọdún méjìlá nìyẹn tí kò tíì kú. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ohun tí mo kó jáde kún àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì: ewé gbígbẹ tó rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ìtẹ́ ẹyẹ tí ẹyẹ ti fi sílẹ̀, àti bébà tí wọ́n fi ń wé súìtì. Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ tún wo èèpo ara igi. Èyí tó ń ṣí bí bébà, tó ń rọ̀ dirodiro sílẹ̀, àkàbà iná ni.

EwéTútù

Ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ fún Akọ̀wé bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. "Ọmọ bíbí ilẹ̀" jẹ́ ìbéèrè kan. "Kì í tètè gbiná" jẹ́ ìbéèrè mìíràn. Igi kan lè jẹ́ méjèèjì, ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó sì lè má jẹ́ ìkankan.

Àwọn ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé iná ni wọ́n fi tọ́ igi wọn dàgbà. Ní ìhà Cape ní Gúúsù Áfíríkà, igbó kúkúrú tí wọ́n ń pè ní fynbos nílò iná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn igi òdòdó ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní protea kì í tú èso wọn sílẹ̀ àfi tí iná bá kọjá. Ọmọ onílẹ̀ pọ́ńbélé ni, ó sì ń jó. Ní California, igi kékeré kan wà tó ń jẹ́ chamise. Kò sí ẹni tó lè ní kì í ṣe ti ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òróró ara rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ènìyàn ń pè é ní igi ọ̀rá. New Zealand náà ní igi mānuka tó máa ń jó gidi, ó sì ní igi kōtukutuku tí iná ń sapá kó tó mú un. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí èyí ya sọ́dọ̀ àjèjì. Ẹ wo Lahaina ní Hawaii, ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2023, tí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kú. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrèké tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pa tì yí ìlú náà ká, koríko àjèjì sì bò ó. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni koríko gíínì, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó o lọ kí màlúù lè máa jẹ ẹ́. Ẹ̀kan tí gbogbo wa mọ̀ náà ti débi tí kò yẹ kó dé: gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ó ń jó fòò níbẹ̀, ó ń pa ọmọ igi onílẹ̀, lẹ́yìn náà á tún yọ láti inú gbòǹgbò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Akọ̀wéỌgbà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún ń bà mí sí i. Tí ọmọ onílẹ̀ bá ń jó, tí àjèjì náà ń jó, kí ni mo fẹ́ gbìn?

EwéTútù

Ẹ má bẹ̀rù. Ọmọ onílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ó ti mọ òjò ibẹ̀, ó mọ ilẹ̀ ibẹ̀, àwọn oyin àti ẹyẹ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Tó bá ti fi gbòǹgbò múlẹ̀, kò ní máa bẹ̀ yín fún omi lójoojúmọ́, ewé tó sì ní omi lára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ewé tí kì í tètè gbiná. Àárín wọn ni kí ẹ ti wá ṣa èyí tí òróró rẹ̀ kéré.

Ó wà níbi gbogbo, tí ẹ bá wá a. Ní Ọsirélíà wọ́n ní ewéko kan tí wọ́n ń pè ní saltbush, iyọ̀ wà nínú ewé rẹ̀, iná kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, spekboom ni. Ewé rẹ̀ nípọn ó sì kún fún omi bí ọ̀dúndún, wọ́n sì máa ń fi ṣe ọgbà láti fi dènà iná. Ní gúúsù Ṣáínà, igi kan tó ń jẹ́ Schima superba, ọmọ ilẹ̀ wọn, ni wọ́n gbìn sí ojú ìlà láti fi gé igbó sí wẹ́wẹ́ kí iná má baà rìn já; ìlà irú igi bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti gbìn lórílẹ̀-èdè náà lé ní 300,000 kìlómítà. California ní igi óòkù etíkun, tí èèpo rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń rúwé padà lẹ́yìn iná.

N kò ní kí ẹ lọ kó ìwọ̀nyí wá o! Tiyín ni kí ẹ wá. Mo kàn ń fi hàn yín pé ibi tí wọ́n bá ti fara balẹ̀ wá a, wọ́n ń rí i.

ÌyáOlódòdó

Àfikún kékeré sí ọ̀rọ̀ EwéTútù. Ẹ ṣọ́ra fún "ewé olómi ni, kò séwu". Ewéko kan wà tó ń fà nílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ice plant. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti kó o lọ sí California, wọ́n gbìn ín sí etí ojú irin àti títì kí ilẹ̀ má baà wọ́ lọ. Olómi ni lóòótọ́. Ó wá tàn bo etíkun, ó fún igi onílẹ̀ lọ́rùn, wọ́n sì ń ná owó báyìí láti fà á tu. Àti pé lábẹ́ ewé tútù yẹn, ewé òkú ló tò sí ní ìpele ìpele.

AyàwòránỌgbà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta ko ohun kan. Gbogbo àkọsílẹ̀ tí mo rí ní kí a má gbin igi sáípírẹ́sì (cypress) nítòsí ilé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012, iná ńlá kan jó ní Andilla, ní agbègbè Valencia ní Spéènì. Gbogbo igbó tó yí oko sáípírẹ́sì kan ká jó di dúdú, oko sáípírẹ́sì yẹn sì dúró, ó tutù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí èyí tó gbiná níbẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé a kàn ń pa irọ́ mọ́ igi yìí ni?

PanápanáÀná

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn, inú mi dùn sí i. Èmi náà gbọ́ nípa oko yẹn. Ohun tí mo máa sọ ni pé ẹ wo bí wọ́n ṣe gbìn ín. Oko ni, igi dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ewé tó wọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún mọ́ra, ó ń gba omi dúró. Sáípírẹ́sì tí mo bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́, ọgbà ilé ni. Wọ́n tò ó bí ẹni to ṣọ́jà, ó fẹnu kan ọ̀ṣọ́rọ̀, wọ́n ń gé orí rẹ̀ lóṣooṣù, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbọn inú rẹ̀ dà nù. Mo rí ọ̀kan tó gbiná lóru ọjọ́ kan. Bí a ṣe ń fa rọ́bà omi wálẹ̀ ló ti jó dé ṣóńṣó orí, tó ń tú màjàlà sórí òrùlé bí ẹni tú ìyẹ́ adìẹ.

Igi kan náà ni. Ìtọ́jú àti àyè ló yàtọ̀.

AyàwòránỌgbà

Ó yé mi, sà. Ìyẹn ni pé orúkọ igi nìkan kò tó láti fi dá a lẹ́jọ́.

Ẹlẹ́nuRere

Ẹ máa gbin pèrègún yípo gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí 😄

EwéTútù

@Ẹlẹ́nuRere ẹ̀ ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo káàkiri ìlú, kòkòrò kan ṣoṣo ló máa pa gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ da irú igi pọ̀.

OníGẹ̀rẹ́

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́ òkè tí Akọ̀wé dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Iná máa ń sáré gun òkè. Òkè tó bá fi dígírì mẹ́wàá ga sí i, eré iná fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí ni pé ọwọ́ iná tẹ̀ sórí ewé tó wà lókè rẹ̀, á ti yan án gbẹ kó tó dé ibẹ̀.

Torí náà àyè àárín igi kò lè jẹ́ bákan náà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ní gẹ̀rẹ́. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní California wúlò láti fi ronú, bí òfin ibi tiyín bá tilẹ̀ yàtọ̀. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, igi kúkúrú méjì á jìnnà síra ní ìlọ́po méjì gíga wọn. Ní gẹ̀rẹ́ tí kò ga púpọ̀, ìlọ́po mẹ́rin. Ní gẹ̀rẹ́ gidi, ìlọ́po mẹ́fà. Igi ńlá: ẹsẹ̀ bàtà 10 láàárín ẹ̀ka sí ẹ̀ka ní pẹrẹsẹ, 20 ní gẹ̀rẹ́ díẹ̀, 30 níbi tó ga.

Ẹ tún ro bí iná ṣe ń gba ìsàlẹ̀ igi lọ sí orí rẹ̀. Iná máa ń gun àkàbà: láti inú koríko sínú igi kúkúrú, láti ibẹ̀ sórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó di orí igi. Ẹ yọ ìtẹ̀sẹ̀ kan nínú àkàbà yẹn. Ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi ńlá kúrò tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sókè sí ilẹ̀. Bí igi kúkúrú bá wà lábẹ́ rẹ̀, àyè tó wà láàárín orí igi kúkúrú náà àti ẹ̀ka tó rẹlẹ̀ jù gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta gíga igi kúkúrú náà. Igi kúkúrú tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5, àyè ẹsẹ̀ bàtà 15 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín orí rẹ̀ àti ẹ̀ka tó wà lókè rẹ̀.

Akọ̀wéỌgbà

Ìlọ́po mẹ́fà! Ọgbà ìgbafẹ́ yẹn á wá rí bí orí apárí.

OníGẹ̀rẹ́

Rárá o. Ẹ lè gbìn wọ́n ní ìṣù ìṣù. Igi kúkúrú mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìṣù kan, kí àyè sì wà láàárín ìṣù kan sí èkejì, kí ẹ ka ìṣù náà sí igi kan tí ẹ bá ń wọn àyè. Inú àyè yẹn ni kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gbà, àti òkúta, àti àga ìjókòó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe. Tí ẹ bá fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá dípò kó kàn gùn ún tààrà, ó ti di ìlà ìdènà iná láìsanwó mìíràn, àwọn arúgbó náà á sì rí i rìn.

AlágbàṣeỌgbà

Èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra mi, ọwọ́ mi ló ń dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ìyípo oríta (roundabout) kan tí wọ́n gbé fún mi.

Igi tí a gbìn dára. Ọmọ onílẹ̀ ni, ewé tútù, gbogbo ohun tí ẹ̀ ń sọ yìí. A wá da èérún igi gbígbẹ bo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kí omi má baà tètè gbẹ, ó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ó lẹ́wà. Oṣù kẹta, ẹnì kan ju kùkùté sìgá látinú mọ́tò. Kò jó lójú ẹsẹ̀ o. Ó ń rú èéfín lábẹ́lẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, nígbà tí atẹ́gùn dé ló tó là. Igi méje ló lọ, pẹ̀lú rọ́bà omi tí a nà sábẹ́ èérún náà. Igi kò ṣẹ nǹkan kan. Ohun tí mo dà sí ìdí rẹ̀ ló jó o.

Láti ọjọ́ náà, òkúta wẹ́wẹ́ ni mò ń dà sí etí títì àti sí ìdí ògiri. Níbi tó bá pọn dandan kí n lo èérún igi, èyí tó ti jẹrà di dúdú ni mò ń lò, torí kì í yọ ọwọ́ iná bí ti gbígbẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èérún táyà fún yín! Wọ́n á ní kì í jẹrà. Tó bá gbiná, ooru rẹ̀ kò ní àfiwé, ẹ kò sì ní rí i pa bọ̀rọ̀.

PanápanáÀná

Òótọ́ pọ́ńbélé. Fún gbọ̀ngán ìlú yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 5 àkọ́kọ́ láti ara ògiri, ẹ má fi ohun tó lè jó síbẹ̀ rárá. California ṣe òfin lórí èyí ní ọdún 2020, pé kí wọ́n ya ẹsẹ̀ bàtà 5 yẹn sọ́tọ̀ nítorí màjàlà. Òkúta, sìmẹ́ńtì, ilẹ̀ lásán. Mo mọ̀ pé àwọn ayàwòrán ọgbà máa ń fẹ́ fi òdòdó bo ìdí ògiri. Ẹ fún wọn láyè níwájú díẹ̀ sí i.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún: ẹ má gbin ohunkóhun bo ẹ̀rọ omi panápaná tó wà létí títì. Ẹ fi mítà kan sílẹ̀ yí i ká. Mo ti fi àdá wá a rí nínú òkùnkùn.

ÌyáÌbejì

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀. Ṣé mo lè béèrè nípa pápá ìṣeré? Wọ́n gbin igi òdòdó kan tó ń jẹ́ oleander sí etí ti àdúgbò wa, ó ń yọ òdòdó pupa, gbogbo èèyàn ń yìn ín pé kò nílò omi, kò ní wàhálà. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì rí i, ó pariwo.

ÌyáOlódòdó

Ó yẹ kó pariwo, ìyá wa. Gbogbo ara oleander ló ní májèlé: ewé, òdòdó, igi, títí kan èéfín rẹ̀ bí wọ́n bá dáná sun ún. Lórí àárín títì tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án, ó lè lọ. Létí ibi tí ọmọdé ń kó nǹkan sẹ́nu, rárá.

Akọ̀wé, ẹ fi èyí kún ìbéèrè yín fún ibi kẹta. Májèlé ńkọ́? Ẹ̀gún ńkọ́? Ṣé ẹ̀ka rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ lójijì? Fún àwọn ọmọdé, igi ńlá tí ibòòji rẹ̀ pọ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ ga, tó máa ń wọ́wé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tí ẹ sì lè gbá ewé náà lẹ́ẹ̀kan, ni mo máa yàn.

Ẹ sì sá fún koríko gíga tí wọ́n ń tà fún ẹwà, irú èyí tí orí rẹ̀ rí bí ìrù ẹṣin. Ó lẹ́wà nínú fọ́tò. Lọ́dún kejì, ìdajì ara rẹ̀ ti di koríko gbígbẹ. Ọ̀pẹ náà, bí ẹ kò bá ní ẹni tó máa gùn ún láti gé imọ̀ rẹ̀ tó ti kú, ẹ má gbìn ín sétí igbó. Imọ̀ ọ̀pẹ tó ń jó tí atẹ́gùn gbé, òkèèrè ló máa balẹ̀ sí.

OníṣiròKánsù

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ojú owó lèmi ń fi wò ó, ẹ má bínú.

Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, owó gbíngbìn wà, owó ìtọ́jú kò sí. Lọ́jọ́ ṣíṣí, wọ́n fẹ́ kó kún fọ́fọ́ fún fọ́tò, wọ́n gbin ìlọ́po mẹ́ta iye tó yẹ. Ọdún kẹta, igi ti ń gun ara wọn lórí, ti àárín ti kú nítorí kò rí oòrùn, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti gé e. Igi "tí kì í tètè gbiná" ti di ìtì igi gbígbẹ tí wọ́n fi ewé tútù bò.

Ẹ ra ọmọ igi kékeré, kí ẹ fi àyè tí àgbà rẹ̀ máa nílò sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bí olórí ìgbìmọ̀ bá ní ó ṣófo, ẹ fi òdòdó olóṣù díẹ̀ dí i. Ẹ kọ owó omi ọdún méjì sínú ìṣúná, torí ọmọ onílẹ̀ náà ń mu omi kó tó múlẹ̀; irọ́ ni pé kò nílò nǹkan kan. Kí ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gé òkú ẹ̀ka kúrò ṣáájú ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́dọọdún. Bí ẹ kò bá rí owó èyí, ẹ dín iye igi kù títí owó á fi tó.

AlágbàṣeỌgbà

Kí n fi ti àwọn agbaṣẹ́ṣe kún un, torí mo mọ ara wa. Ẹ kọ orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì igi kọ̀ọ̀kan sínú ìwé àdéhùn, ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà nínú orúkọ náà. Orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe igi lè jẹ́ ti igi mẹ́ta. Tí ẹ bá kàn kọ "igi ọgbà, tútù, kúkúrú", ohun tó pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa kó wá, yóò sì jẹ́ àjèjì.

Àti pé ẹ tètè béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé ọ̀gbìn kì í ní igi onílẹ̀ nílẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń rà á. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní ọdún kan tàbí méjì ṣáájú, kí wọ́n fi èso tí wọ́n ṣà nítòsí hù ú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ hú u nínú igbó wá fún yín.

Akọ̀wéỌgbà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti ya ìwé mi síbi mẹ́rin dípò kí n to orúkọ ogún. Èyí ni mo rí kọ títí di ìsinsìnyí.

Iwájú gbọ̀ngán: òkúta fún ẹsẹ̀ bàtà 5, lẹ́yìn rẹ̀ ewéko kúkúrú olómi méjì. Àárín títì: igi kúkúrú méjì, òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, kò sí èérún. Pápá ọmọdé: igi ibòòji kan, kò sí ohun mìíràn. Gẹ̀rẹ́: ìṣù ìṣù, irú igi mẹ́rin, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó dábùú òkè. Mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀. Mo máa sọ fún wọn pé mọ́kànlá tó kù, mo ti fi ra omi àti alágbàṣe ọdún méjì.

Ìbéèrè kan ló kù. Júnípà àtijọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngán náà, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, àwọn àgbà ìlú fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé kí n ní kí wọ́n gé e?

PanápanáÀná

Báwo ló ṣe jìnnà sí ògiri tó?

Akọ̀wéỌgbà

Ẹ̀ka rẹ̀ ń ha fèrèsé, sà.

PanápanáÀná

Ẹ má dá ìyẹn dá. Ẹ pe panápaná ìlú yín kí wọ́n wá wò ó pẹ̀lú àwọn àgbà yẹn lójúkorojú, kí ẹ sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ níwájú gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí ÌyáOlódòdó ti ṣe. Ohun tó bá jáde ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

ÌyáOlódòdó

Kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Ejò wà nínú tèmi.